Wáyà Ti Lọ, Iná Kò Lọ

Àpá kan wà lọ́wọ́ òsì mi, láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá. Kò gùn ju èékánná lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè rò pé ọ̀bẹ ìdáná ló fà á. Ayùn oníbátìrì ló fà á, ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí n kò gé ohunkóhun lọ́wọ́. Iṣẹ́ ti parí. Mo ti gbé ayùn kalẹ̀, mo ti mu omi, mo ti ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀. Mo kàn fẹ́ yọ bíléèdì tó wà lẹ́nu rẹ̀ kí n tó kó irinṣẹ́ sínú àpótí ni. Mo gbé ayùn lé itan, mo fi ọwọ́ òsì mú bíléèdì, mo fi ọwọ́ ọ̀tún di ìdí rẹ̀ mú, ìka mi sì fara ti tírígà láìmọ̀. Ayùn náà ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀kan náà sì tó.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ wáyà.

Ayùn tó ń lọ tó ń bọ̀ ni mo ń wí, èyí tí bíléèdì rẹ̀ yọ síta lẹ́nu bí ahọ́n, kì í ṣe oníròbótó tó ń yí bí kẹ̀kẹ́. Ilé-iṣẹ́ Milwaukee gbé tiwọn jáde lọ́dún 1951, wọ́n pè é ní Sawzall, orúkọ náà sì mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu débi pé wọ́n fi ń pe gbogbo ayùn irú rẹ̀, ẹni yòówù tó ṣe é. Oníwáyà ni nígbà náà, láti ara ògiri ló ti ń gba iná. Ní 1961, Black & Decker gbé ẹ̀rọ ìlu-ihò oníbátìrì àkọ́kọ́ jáde. Ṣùgbọ́n bátìrì lítíọ̀mù-áyọ́ọ̀nù, tó dé ọjà ní 1991, ló wá sọ irinṣẹ́ oníbátìrì di ohun tí oníṣẹ́ ọwọ́ lè gbára lé látàárọ̀ dalẹ́, nítorí ó fúyẹ́, ó sì lè tú agbára púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Lónìí, ayùn tí bátìrì 18 fóltì wà nídìí rẹ̀ ń gé òpó igi, ìṣó àti páìpù irin níbi tí kò sí sókẹ́ẹ̀tì kankan nítòsí.

Ayùn tí mo fi kọ́ṣẹ́ ní wáyà. Wáyà náà máa ń sú mi. Ó ń lọ́ mọ́ ẹsẹ̀, ó ń há sábẹ́ pákó, ó sì máa ń kúrú níbi tí iṣẹ́ bá ti le jù. Ṣùgbọ́n ó ní iṣẹ́ kan tó ń ṣe tí n kò kà kún nígbà náà: ẹlẹ́rìí ni. Bí o bá fẹ́ pààrọ̀ bíléèdì, o gbọ́dọ̀ fa wáyà yọ lára ògiri, orí rẹ̀ yóò sì wà nílẹ̀ níwájú rẹ, gbogbo ojú ló ń rí i pé iná ti kúrò. Ọ̀gá tó kọ́ mi kì í gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹnu ayùn láìjẹ́ pé orí wáyà náà wà lórí tábìlì. Ohun tó máa ń wí ni pé, “Jẹ́ kí n rí orí wáyà kí n tó rí ọwọ́ ẹ lẹ́nu ayùn yẹn.” Ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ wa lára débi pé ọwọ́ wa ń ṣe é fúnra rẹ̀.

Ìgbà tí ayùn oníbátìrì dé, wáyà lọ, ẹlẹ́rìí náà sì bá a lọ. Ayùn tó wà lórí tábìlì dákẹ́, kò gbọ̀n, kò gbóná, kò sí ohun tó so ó mọ́ ibì kankan. Ojú á sọ fún ọkàn pé ó ti sùn. Irọ́ ni. Níwọ̀n ìgbà tí bátìrì bá ṣì wà nídìí rẹ̀, ńṣe ló dà bí ẹni tó fa wáyà láti ara ògiri dé orí itan rẹ. Gbogbo ìmọ̀ràn tó wà nínú ìwé ìlò ayùn ló dára, mo sì ń tẹ̀ lé wọn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan ṣoṣo níbẹ̀, èyí ni n óò mú: bátìrì ni kó kọ́kọ́ kúrò, kí ọwọ́ tó dé ẹnu ayùn. Ìbáà ṣe bíléèdì ni o fẹ́ pààrọ̀, ìbáà ṣe èérún igi tó há sẹ́nu rẹ̀ ni o fẹ́ yọ, ìbáà sì ṣe pé o kàn fẹ́ wo bí eyín ṣe rí. Bọ́tìnnì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírígà lára ọ̀pọ̀ ayùn, èyí tó ń ti tírígà pa. Mo ń tì í ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń gbé ayùn láti ibì kan sí òmíràn. Ṣùgbọ́n n kò fi rọ́pò yíyọ bátìrì. Aṣọ lè fà á, ìka lè tì í padà.

Nǹkan mìíràn tí mo tún kọ́ lọ́nà líle nípa bíléèdì: ó máa ń gbóná. Lẹ́yìn tí ó bá ti gé irin fún ìṣẹ́jú méjì, ó lè jó awọ ìka. Mo máa ń dúró, tàbí kí n wọ ìbọ̀wọ́. Àwọn ayùn kan tilẹ̀ ní ohun tó ń ta bíléèdì jáde fúnra rẹ̀ bí o bá ti yí ẹnu wọn, kí ọwọ́ má bàa kàn án rárá. Bí tuntun bá ti wọlé, mo máa ń fà á síta díẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ti di mú. Ìgbà yẹn gan-an ni bátìrì á tó padà wọlé.

Kí ni ìdí tí ẹ̀rù irinṣẹ́ yìí fi ń bà mí ju ti àwọn tó tóbi jù ú lọ? Ìhòòhò rẹ̀ ni. Ayùn oníròbótó ní ìbòrí tó ń padà bo eyín rẹ̀ bí o bá ti gbé e kúrò lára igi. Ti alálọ-bíbọ̀ kò ní. Bíléèdì rẹ̀ yọ síta gbalaja, ó ń lọ ó ń bọ̀ tó ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan bí a bá tẹ tírígà rẹ̀ dópin. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: àádọ́ta ìgbà ni láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, lílọ kọ̀ọ̀kan sì gùn tó nǹkan bíi 28 sí 32 mm. Kò sí ọwọ́ tó lè yára sá fún un. Ibi tí ọwọ́ wà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ló ṣe pàtàkì.

Irin pẹlẹbẹ kan wà níwájú ayùn náà, nídìí bíléèdì. Bàtà ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu, torí lórí rẹ̀ ni ayùn ń dúró. Eyín ọ̀pọ̀ bíléèdì kọjú sẹ́yìn, sọ́dọ̀ ẹni tó di ayùn mú. Nígbà tí bíléèdì bá ń padà bọ̀ ló ń gé igi. Èyí túmọ̀ sí pé bí eyín bá ti bu igi jẹ, ó ń fa ayùn sún mọ́ igi ni. Bí bàtà bá ti fara ti igi ṣinṣin, ayùn kò ní ibi tó ń lọ, gbogbo agbára rẹ̀ á sì bọ́ sínú gígé. Bí bàtà kò bá kàn án, bíléèdì á gbá igi mú, igi àti ayùn á wá máa gbo ara wọn, ọwọ́ rẹ á sì máa gbọ̀n bí ewé. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Mo rò pé ayùn náà ni kò dára, mo wá ń fi gbogbo agbára tì í. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Ọ̀gá mi wá, ó ti bàtà náà mọ́ igi, ayùn sì wọlé bí ọ̀bẹ. Bàtà kọ́kọ́, tírígà lẹ́yìn. Bí o bá sì gé e tán, kí bíléèdì dúró pátápátá kí o tó fà á yọ, torí ó ṣì máa ń lọ díẹ̀ lẹ́yìn tí ìka bá ti kúrò lórí tírígà.

Títa ayùn tún wá ń bọ̀, ìyẹn kí ayùn ṣẹ́rí padà lójijì sí ẹni tó dì í mú, èyí tó ti rán ọ̀pọ̀ èèyàn sílé ìwòsàn. Kì í ṣàdédé ta. Ohun méjì ló sábà ń fà á.

Àkọ́kọ́ ni pé kí ṣóńṣó bíléèdì forí sọ nǹkan. Mo ń gé ẹsẹ̀ àpótí ìwé àtijọ́ kan tó fara ti ògiri. Èmi ń wo igi tó wà níwájú mi, n kò ro ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bíléèdì gba inú igi kọjá, ó forí sọ kọnkéré, ayùn náà sì ta padà sí mi láyà. Nígbà tí mo máa wò ó, bíléèdì ti tẹ̀ bí ìwọ̀ tí a fi ń pẹja. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọwọ́ méjèèjì ni mo fi dì í mú. Láti ìgbà yẹn, mo máa ń yọ́ wo ẹ̀yìn ohun tí mo fẹ́ gé kí n tó wo iwájú rẹ̀. Mo sì tún ń ro bí bíléèdì ti gùn tó. Bí ó bá kúrú jù, ṣóńṣó rẹ̀ á máa wọ inú igi nígbà tó bá padà, á sì máa gún igi náà nígbà tó bá ń jáde, ìyẹn náà á mú kí ayùn ta. Ó yẹ kó gùn débi pé ṣóńṣó náà á máa wà lódì kejì nígbà gbogbo. Igi tó nípọn 100 mm, bíléèdì 225 mm ni mo ń lò fún un, torí ìdí bíléèdì àti bàtà á jẹ nínú gígùn náà. Àmọ́ kò sí ìdí láti lo ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà lórí páìpù tí kò nípọn ju àtàǹpàkò lọ. Èyí tó yọ síta láìníṣẹ́ á máa fì bí pàṣán.

Ohun kejì ni kí igi há bíléèdì mọ́. Ibí yìí ni ọgbọ́n wà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, torí ó ń kọ́ni láti wo igi kó tó di pé a gé e. Ẹ̀ka tó wà lára igi, tí orí rẹ̀ kejì ń fì lófuurufú, ìwúwo rẹ̀ ń fà á wálẹ̀: awọ òkè rẹ̀ ń fẹ̀, ti ìsàlẹ̀ ń fún pọ̀. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ tí o sì wọlé jù, ẹnu tí o gé á pa dé mọ́ ayùn. Bí o bá sì fi òkè nìkan gé e dópin, ẹ̀ka á ya, á sì bọ́ èèpo ara igi lọ. Nítorí náà, mo máa ń gé ìsàlẹ̀ díẹ̀, kí n tó lọ parí rẹ̀ láti òkè. Ti igi tó dùbúlẹ̀ tí orí rẹ̀ méjèèjì gbé lé nǹkan yàtọ̀ sí èyí: àárín rẹ̀ ń tẹ̀ sílẹ̀, òkè ló ń fún pọ̀, ìsàlẹ̀ ló ń fẹ̀. Mo máa ń gé òkè rẹ̀ díẹ̀, mo wá ń parí rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Bí ayùn bá há, mo máa ń jẹ́ kí tírígà lọ, mo yọ bátìrì, mo wá fi igi ẹlẹ́nu ṣóńṣó ya ẹnu rẹ̀. N kì í fi agbára ẹ̀rọ bá a jà.

Mi ò tíì rí ẹni tó fi ọwọ́ kan di igi mú, tó fi ọwọ́ kejì gé e, tí ìdí rẹ̀ ju ìkánjú lọ. Fáìsì àti kíláǹpù tó ń di igi mú wà, ẹsẹ̀ tábìlì wà. Ayùn yìí ọwọ́ méjì ló ń fẹ́: ọ̀kan nídìí, ọ̀kan lórí ọrùn rẹ̀ níbi tí rọ́bà wà, kó má sún lọ síwájú bàtà. Ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ lọ sábẹ́ ohun tí à ń gé, níbi tí ojú kò dé. Lórí àkàbà ńkọ́? Ayùn àti bátìrì ńlá lè tó kílò mẹ́rin, ẹni tó sì wà lórí àkàbà fẹ́ fi ọwọ́ kan di àkàbà mú. Níbẹ̀, mo máa ń sọ̀kalẹ̀ lọ wá pèpéle tó dúró dáadáa.

Ògiri tún wà. Ohun tó wà nínú ògiri kò ṣeé fojú rí, ayùn yìí kò sì bìkítà: wáyà iná, páìpù omi, páìpù gáàsì, gbogbo rẹ̀ ló ń gé. Kí n tó gé ihò sára ògiri, mo máa ń lọ pa iná láti ibi tí wọ́n ti ń pín in wọlé, mo sì fi tẹ́sítà dán sókẹ́ẹ̀tì tó wà nítòsí wò, torí ẹnu mi nìkan kò tó ẹ̀rí pé iná ti lọ. Mo máa ń la ihò kékeré kan, mo sì fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, bíléèdì kúkúrú ni mo máa ń lò, tàbí kí n fi ayùn náà sí ìdàgẹ̀rẹ̀ kí ṣóńṣó rẹ̀ má wọlé ju ìnípọn pákó ògiri lọ. Rọ́bà tó wà lára ayùn ń ṣe ààbò díẹ̀ bí bíléèdì bá kan iná, ìwé ìlò sì sọ pé ibẹ̀ ni kí a dì mú. Fún àṣìṣe ni wọ́n ṣe fi rọ́bà yẹn síbẹ̀. Kì í ṣe ìyọ̀ǹda láti gé ibi tí iná wà.

Nípa eyín bíléèdì, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Igi ń fẹ́ eyín ńlá tó jìnnà síra, bíi mẹ́fà nínú íǹṣì kan. Igi tó ní ìṣó nínú ń fẹ́ nǹkan bíi mẹ́wàá. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń fẹ́ 18 tàbí 24. Ó kéré tán, kí eyín mẹ́ta máa kan ohun tí à ń gé nígbà kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, irin á há sáàárín eyín méjì, á sì ká a. Irin ń fẹ́ ìrọra àti òróró díẹ̀. Ayùn tó bá ní bọ́tìnnì tó ń mú bíléèdì máa fì yípo, igi ni ìyẹn wà fún. Mo máa ń pa á bí mo bá fẹ́ gé irin.

Awò ojú kò ní àríyànjiyàn. Bíléèdì lè kán, èérún irin sì máa ń gbóná nígbà tó bá fò. Mo ń dí etí mi pẹ̀lú. Ìbòmú ni ọ̀pọ̀ ń fojú kéré, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, àwọn páànù òrùlé àti páìpù àtijọ́ mìíràn sì ní ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì nínú, ohun tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Èyí tí mo bá fura sí pé ó ní ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, n kì í fi ayùn kàn án rárá. Iṣẹ́ àwọn tó kọ́ nípa rẹ̀ ni.

Ohun tí kò yá mi lára láti gbà fún ọdún púpọ̀ ni gbígbọ̀n. Lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ kan, ìka mi méjì kú tipiri, n kò lè de bọ́tìnnì ẹ̀wù. Mo ní àárẹ̀ ni. Àárẹ̀ kọ́. Gbígbọ̀n irinṣẹ́ ń ba iṣan àti òpó ẹ̀jẹ̀ ìka jẹ́ díẹ̀díẹ̀, débi pé ìka á máa funfun nígbà òtútù, tí bó bá sì ti jinlẹ̀, kì í padà sí bó ṣe wà. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti ọdún 2002 ní kí agbanisíṣẹ́ gbé ìgbésẹ̀ bí gbígbọ̀n tó ń wọ ọwọ́ òṣìṣẹ́ bá tó 2.5 m/s² (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn bí gbígbọ̀n ti le tó) nínú iṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ, kó má sì kọjá 5 m/s². Wọ́n máa ń kọ iye tí ayùn kọ̀ọ̀kan ń gbọ̀n sínú ìwé ìlò rẹ̀. Èyí tó bá ń gbọ̀n tó 10 m/s², ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló máa fi dé ìdíwọ̀n àkọ́kọ́ yẹn, wákàtí méjì ló sì máa fi dé èyí tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ìka fi wà lórí tírígà ni o, kì í ṣe gbogbo àkókò tí a fi wà níbi iṣẹ́. Látìgbà tí mo ti mọ èyí, mo ń pín gígé mi sí wẹ́wẹ́, mo ń fi bíléèdì mímú ṣiṣẹ́, mo sì ń jẹ́ kí ọwọ́ mi móoru. Bíléèdì tó ti kú ń gbọ̀n jù, ó sì ń pẹ́ jù.

Bátìrì tí mo ní kí ẹ yọ, ó ní ìtọ́jú tirẹ̀. N kì í jù ú sínú àpò tí ìṣó àti kọ́kọ́rọ́ wà, torí irin tó bá so ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀ lè dáná. Èyí tó bá wú, tó bá já bọ́ láti òkè tí ara rẹ̀ sì sán, n kì í gbé e sórí ṣájà mọ́. N kì í fi sínú mọ́tò tó wà lóòrùn, n kì í sì í gba iná sí i nígbà tó bá ṣì gbóná látẹnu iṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi wá bá mi tú férémù fèrèsé kan. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ó lágbára, kò sì tíì lo ayùn yìí rí. Mo fi bàtà hàn án, mo ní kó wo ẹ̀yìn igi, mo jẹ́ kó gé ìṣó mẹ́rin tó di férémù náà mú. Mo ti fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ àpá ọwọ́ mi fún un, ẹnìkan wá pè mí níta, n kò ráyè sọ ọ́. Nígbà tí mo padà wọlé, férémù ti wà nílẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, bíléèdì yìí ti kú,” ó ní. “Ẹ bá mi pààrọ̀ rẹ̀.”

Ó na ayùn sí mi pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún. Bátìrì wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀.